Tíráńsífà Kan, Ilẹ̀kùn Mẹ́ta: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín Lórí Iṣẹ́ Agbófinró

Ọ̀rọ̀ kan ló pọ̀ jù nínú àwọn lẹ́tà tó wà níwájú wa lóṣù yìí: tíráńsífà. Ẹnì kan fẹ́ kúrò ní Òkè-Mosàn, ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn, lọ sí Ìmígíréṣọ̀n, ó pè é ní tíráńsífà. Wọ́n gbé ọkọ ẹlòmíì lọ sí Maiduguri, òun náà ní tíráńsífà ni. Wọ́n yá ẹnì kẹta fún EFCC, tíráńsífà náà ló kọ. Ìwé tó wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ẹni tó ń buwọ́ lù ú yàtọ̀. Ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá ń kan ilẹ̀kùn ọ̀gá tí kò láṣẹ, ì báà kàn án dalẹ́, ẹ̀rín nìkan ni wọ́n á fi dá a lóhùn. A ti yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé, a sì gé àwọn lẹ́tà tó gùn.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, Òkè-Ìlèwó ní Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Bọ̀dá kan ládùúgbò wa ní òun mọ ẹni tó ní sílọ́ọ̀tì iṣẹ́ ọlọ́pàá lọ́wọ́, pé kí n wá 350,000 náírà kí orúkọ mi lè wọlé. Bàbá mi ti ń wá ẹni tó máa ra alùpùpù wọn. Ṣé Eléwéẹran ló ń gba èèyàn ni, àbí Àbújá?

Àbúrò, tètè sọ fún Bàbá kí wọ́n má tíì ta nǹkan kan. Fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ọlọ́pàá kì í ṣe ọjà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kún un, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí àwọn tó ń ta sílọ́ọ̀tì ṣe ń ṣe é rèé: wọ́n á gbowó lọ́wọ́ ogún èèyàn. Bí mẹ́ta nínú wọn bá fi ẹsẹ̀ ara wọn yege, wọ́n á ní àwọn ló ṣe é. Àwọn mẹ́tàdínlógún yòókù ni wọ́n á máa sọ fún pé ó kù díẹ̀, kí wọ́n mú owó epo wá.

Eléwéẹran ni olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Ògùn. Kọmíṣọ́nà tó wà níbẹ̀ lè gbé ọlọ́pàá láti Ìbarà lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ṣùgbọ́n kò láṣẹ láti gba kọ́ńsítébù kan ṣoṣo síṣẹ́. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 214, sọ pé ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá kan ni Nàìjíríà ní. Àfikún kẹta òfin náà wá gbé àṣẹ ìgbanisíṣẹ́, ìbáwí àti ìlénilẹ́nu-iṣẹ́ fún àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ ọlọ́pàá, PSC, lórí gbogbo ọlọ́pàá àyàfi Ọ̀gá Àgbà pátápátá, tó jẹ́ pé Ààrẹ ló ń yàn án. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ilé-ẹjọ́ rí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba kọ́ńsítébù 10,000 ní 2019, PSC àti olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá PSC láre ní 2020, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fòǹtẹ̀ lù ú ní ọjọ́ 11 oṣù keje, 2023. Nítorí náà, ìwé ìgbanisíṣẹ́ kọ́ńsítébù tí kò bá ti ọ̀dọ̀ PSC wá, kí alákàrà fi di àkàrà.

Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé Eléwéẹran ni wọ́n sábà máa ń ní kí àwọn ọmọ Ògùn lọ fún àyẹ̀wò ara àti ti ìwé ẹ̀rí. Ibi tí wọ́n ti ń wọn èèyàn ni, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń gbà á.

Nínú àwọn ìkéde tó ti jáde, ọdún 18 sí 25 ni wọ́n ń béèrè fún kọ́ńsítébù iṣẹ́ gbogbogbòò. Awakọ̀, mẹkáníìkì àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń rí ààyè dé 28. Krẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, ìjókòó ìdánwò kò sì gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.67, obìnrin 1.64. Àyà ọkùnrin, bó bá fa èémí sínú dáadáa, kò gbọ́dọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 86. Wọ́n á ní kí o bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọ̀n ọ́, nítorí náà wọn ara rẹ nílé: fẹ̀yìn ti ògiri láìwọ bàtà, kí ẹnì kan fi ìwé pẹlẹbẹ lé ọ lórí, kó fi pẹ́ńsù sàmì sí ògiri, kí ẹ wá fi téèpù télọ̀ wọ̀n ọ́n látilẹ̀. Bí o kò bá ga tó, ó sàn kí o mọ̀ nílé ju kí o lọ to lórí ìlà láti aago márùn-ún ìdájí.

Àwọn tó ń já kulẹ̀ nítorí gíga kò tó àwọn tó ń já kulẹ̀ nítorí orúkọ, lójú tiwa. WAEC kọ Shola, NIN kọ Sola, ìwé ìbí kọ Olusola. Ìwọ mọ̀ pé ẹnì kan ni gbogbo wọn; kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Ìkéde kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lójú ìta, àtúnṣe NIN sì lè má parí láàárín ìgbà yẹn. Ìwé ẹ̀rí ìdánwò ló ṣòro jù láti yí padà, nítorí náà NIN ni kí o mú bá a mu, kó o sì ṣe é nísinsìnyí tí kò tíì sí ìkéde. Bí o kò bá ní ìwé ìbí, àjọ tó ń ka ènìyàn, NPC, ló ń fún ẹni tó ti ju ọdún 18 lọ ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ rẹ gbọ́dọ̀ ti ìjọba ìbílẹ̀ tìrẹ gan-an wá, torí wọ́n ń wo gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 nígbà tí wọ́n bá ń pín ààyè: Aké ni fún Gúúsù Abẹ́òkúta, Akomoje ni fún Àríwá. Gbígbé ní Òkè-Ìlèwó kò sọ ọ́ di ọmọ Gúúsù bí bàbá rẹ bá jẹ́ ọmọ Ọdẹ́dá.

Lẹ́yìn fọ́ọ̀mù ni àyẹ̀wò ara àti ti ìwé, lẹ́yìn náà ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà àyẹ̀wò ọ̀dọ̀ dókítà, kí orúkọ tó jáde. Ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá, bíi ti Ìkẹjà, ló kù lẹ́yìn ìyẹn. O ti pé 24. Ìkéde tó bá jáde ṣáájú ni kí o gbà, má dúró de èkejì.

Ọdún keje mi rèé ní iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn, lẹ́fẹ́lì 09, ẹ̀ka àkọsílẹ̀ owó. Mo fẹ́ lọ sí Sífù Díféńsì tàbí Ìmígíréṣọ̀n. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí n lọ gba tuntun, pé ó yá ju tíráńsífà lọ. Èwo ni kí n ṣe? (Òṣìṣẹ́ Òkè-Mosàn)

Ẹ má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ o. Òótọ́ ni pé ó yá. Gbígé igi náà yá ju gbígbìn ín lọ. Ẹni tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ti já okùn iṣẹ́ rẹ̀, ọdún méje yẹn kò sí nínú ìṣirò mọ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé ni wọ́n á ṣe gbà á. Ẹni tó ṣe tíráńsífà kò já nǹkan kan. Ọjọ́ tí ìpínlẹ̀ kọ́kọ́ gbà á náà ni ìjọba àpapọ̀ á máa kà.

Èyí ní adùn, ó sì ní ìkorò. Òfin iṣẹ́ ìjọba ni pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ọmọ ọgọ́ta ọdún, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, ni ìfẹ̀yìntì. Ẹni tí wọ́n gbà ní ọmọ ọdún 22, ọdún 35 á pé fún un ní 57, kò ní rí 60 lẹ́nu iṣẹ́. Bó ṣe tíráńsífà lẹ́ẹ̀mẹta, ìṣirò yẹn kò ní yí.

Nínú ìwé òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tí ti ìpínlẹ̀ náà fara jọ, tíráńsífà ni kí wọ́n yọ̀ǹda òṣìṣẹ́ pátápátá láti iṣẹ́ ìjọba kan sí òmíràn, tàbí láti ẹ̀ka kan sí òmíràn nínú iṣẹ́ kan náà. Ẹ tẹ ojú mọ́ "yọ̀ǹda" àti "pátápátá". Ọwọ́ méjì ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú: ọwọ́ tó ń fi yín sílẹ̀ àti ọwọ́ tó ń gbà yín. Bí ọ̀kan bá kọ̀, kò sí tíráńsífà. Lọ́dọ̀ tiyín, àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ ọba síṣẹ́ ní Òkè-Mosàn ló láṣẹ ìyọ̀ǹda, kì í ṣe ọ̀gá yín nínú ọ́fíìsì. Lọ́hùn-ún, ìgbìmọ̀ kan náà ló ni Sífù Díféńsì, ọgbà ẹ̀wọ̀n, panápaná àti Ìmígíréṣọ̀n. CDCFIB ni wọ́n ń pè é. Ẹ má kọ lẹ́tà yín sí kọmandáńtì Sífù Díféńsì níbí, ẹ máa fi ọdún kan ṣòfò. Kọ́sítọ́ọ̀mù kò sí lábẹ́ ìgbìmọ̀ yẹn, ó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìṣúná. Ọlọ́pàá, PSC.

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan, ẹ wo fáìlì yín bóyá ìwé ìfìdímúlẹ̀ iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ọdún méjì àkọ́kọ́, ìdánwò ni. Ẹni tí wọn kò tíì fi ìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀ kò ní ohun tó fẹ́ gbé lọ síbòmíràn. Ó máa yà yín lẹ́nu bí àwọn tó ti lo ọdún mẹ́jọ, mẹ́wàá, tí ìwé yìí kò sí nínú fáìlì wọn ṣe pọ̀ tó. Ìgbéga ń bọ̀, owó oṣù ń wọlé, wọn kò rántí béèrè. Ọjọ́ tíráńsífà ni wọ́n máa ń rántí.

Lẹ́tà ìbéèrè yín á gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá yín lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé àgbà ilé iṣẹ́ yín, láti ibẹ̀ sí àjọ. Ẹ kọ "nípasẹ̀" sórí rẹ̀ kí ẹ sì tò wọ́n bí ipò wọn ṣe rí. Ẹni tó bá fo ọ̀gá rẹ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀gá náà ni wọ́n máa dá lẹ́tà padà sí fún àlàyé, ẹ sì mọ irú ojú tó máa fi ka á. Ẹ so ìwé ìgbanisíṣẹ́ àkọ́kọ́, ìwé ìfìdímúlẹ̀, ìwé ìgbéga tó gbẹ̀yìn, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ yín, ìròyìn ìwà àti iṣẹ́ ọdọọdún fún ọdún mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, ìwé ẹ̀rí ilé ìwé, ìwé ìbí, ìwé ọmọ ìbílẹ̀ àti NIN mọ́ ọn. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta. Ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ "a ti gbà á" sí i, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sílé. Fáìlì máa ń sọnù. Ẹni tó ní ẹ̀dà tó lóǹtẹ̀ ni wọ́n máa ń bá a wá.

Bí àwọn tó fẹ́ gbà yín bá kọ̀wé pé ààyè wà, tí àjọ sì fún yín ní ìwé ìyọ̀ǹda, ó ku àyẹ̀wò dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba (Ìdí-Àbà tàbí Ìjàyè, ọ̀kan ni), ìwé owó oṣù tó gbẹ̀yìn, àti ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ kúrò àti ọjọ́ tí ẹ dé gbọ́dọ̀ so mọ́ra. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá wà láàárín wọn láìsí ìwé ìsinmi, akọ̀wé kan lè kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan pé iṣẹ́ yín já, ẹ ò sì ní sí níbẹ̀ láti jiyàn.

Ẹ má sì tìtorí pé ẹnì kan fóònù yín láti Àbújá pé kí ẹ máa bọ̀, kí ẹ fi tábìlì yín sílẹ̀. Àìwá síbi iṣẹ́ láìgbàyè, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni nínú òfin iṣẹ́ ìjọba, ó lè yọrí sí ìlékúrò. Ẹni tí wọ́n bá lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba lọ́nà yìí, ilẹ̀kùn iṣẹ́ ìjọba mìíràn ti sé fún un.

A ò ní tàn yín: ilẹ̀kùn tí ẹ fẹ́ wọ̀ yìí tínrín. Ipò àwọn oníyúnífọ́ọ̀mù dà bí òkè Olúmọ, bó ṣe ń ga ló ń ṣe tóóró. Ẹni tó wá láti ọ́fíìsì ní lẹ́fẹ́lì 09 tó fẹ́ gbé ìràwọ̀ sí èjìká, àwọn tó ti lọ yíra nínú ẹrẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ wọn á máa wò ó bí ẹni tó fo ìlà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sábà máa ń gba dókítà, nọ́ọ̀sì, agbẹjọ́rò àti ẹnjiníà wọlé lọ́nà yìí ju akọ̀wé lọ. Oníṣirò owó wà láàárín méjì. Bí ẹ bá ní ìwé ẹ̀rí ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò, ẹ fi síwájú. Ọjọ́ orí àti gíga náà wà níbẹ̀: mítà 1.65 fún ọkùnrin, 1.60 fún obìnrin, ni ìkéde ìgbìmọ̀ yẹn máa ń sọ. Ẹ sì mọ̀ pé láàárín lẹ́fẹ́lì 07 sí 14, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni ìgbéga. Níbi tuntun, ọjọ́ tí ẹ dé ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ipò àgbà yín, nítorí náà bí ìgbéga bá kù sí yín oṣù mẹ́fà níbí, ẹ gbà á kí ẹ tó lọ.

Wọ́n fún mi ní tíráńsífà láti ìjọba ìbílẹ̀ kan sí ilé iṣẹ́ agbófinró ìjọba àpapọ̀. Oṣù kẹrin rèé, n kò rí owó oṣù níbi tuntun, ṣùgbọ́n ibi àtijọ́ ṣì ń sanwó sí àpò mi ní báńkì. Ṣé kí n máa ná an lọ ná?

Ẹ má fọwọ́ kàn án! Lọ́jọ́ tí ti ibi tuntun bá wọlé pẹ̀lú gbèsè oṣù mẹ́rin, ẹ ti gba owó oṣù méjì fún oṣù kan náà nìyẹn, orúkọ tí wọ́n ń pe irú ẹ̀ kò dáa. Ẹ kọ̀wé sí akápò ìjọba ìbílẹ̀ náà lónìí pé kí wọ́n dá owó dúró, ẹ dá èyí tó ti wọlé padà sí àpò ìjọba, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Ohun kan náà yìí ló ṣeé ṣe kó dí owó tuntun lọ́wọ́. Ìwé owó oṣù tó gbẹ̀yìn gbọ́dọ̀ sọ oṣù tí wọ́n san yín kẹ́yìn. Bí kò bá sí, tàbí tí ó bá sọ oṣù kan tí báńkì sì ń sọ òmíràn, àwọn tó ń rí sí IPPIS, ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi ń san owó oṣù, kò ní kọ orúkọ yín sílẹ̀. Ẹ mú èyí tó pé lọ pẹ̀lú ìwé ìgbanisíṣẹ́, NIN, BVN àti nọ́ńbà owó ìfẹ̀yìntì yín. Nọ́ńbà yẹn, ọ̀kan ni títí ayé. Ẹ má jẹ́ kí aṣojú kankan ṣí òmíràn fún yín. Ẹ kàn sọ fún ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà pé agbanisíṣẹ́ yín ti yí padà. Ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọ̀dọ̀ yín, ìdá 10 láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ni òfin 2014 sọ pé kó máa wọ ibẹ̀ lóṣooṣù, ó kéré tán. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ ti kúrò san tiwọn. Bí wọ́n bá jẹ yín, ìsinsìnyí tí wọ́n ṣì mọ orúkọ yín ni kí ẹ béèrè.

Sájẹ́ńtì ọlọ́pàá ni ọkọ mi. Wọ́n ní kó máa lọ sí Maiduguri, àwọn ìbejì wa kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀kan sì ní àrùn fòníkú fọ̀ladìde. Ṣé ó lè kọ̀ ọ́? Ta ni a lè bẹ̀? (Ìyá Ìbejì, Lafẹ́nwá)

Ẹ kú ìtọ́jú, Ìyá Ìbejì. Ẹdùmàrè á wò wọ́n. Kò lè kọ̀ ọ́ o. Ìgbésípò lèyí, iṣẹ́ rẹ̀ kò yí padà, ibùdó nìkan ló yí, ibikíbi ní Nàìjíríà ni wọ́n sì lè rán ọlọ́pàá lọ. Bí sígínà, ìyẹn ìwé àṣẹ ìgbésípò, bá ti jáde tí wọ́n sì ti tú u sílẹ̀ níbí, kó lọ fara hàn ní ọ́hùn-ún ná. Ẹni tó jókòó sílé tó ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ pé ó sá lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀bẹ̀ náà á sì wá dà bí àwáwí.

Bó bá ti fara hàn, òun fúnra rẹ̀ ni kó kọ lẹ́tà, kì í ṣe ẹ̀yin. Ọ̀dọ̀ DPO rẹ̀ níbẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀, yóò gba ọ̀dọ̀ Kọmíṣọ́nà lọ. Bó bá jẹ́ láàárín Ògùn ni, Kọmíṣọ́nà tó wà ní Eléwéẹran lè parí ẹ̀. Bó bá jẹ́ láàárín Ògùn àti Èkó, ọ́fíìsì Sóònù kejì ní Oníkàn, Èkó, ló kàn. Láti Borno wá síbí, olú ilé iṣẹ́ ní Àbújá nìkan ló lè buwọ́ lù ú. Ohun tó máa gbé lẹ́tà náà dúró ni ìwé dókítà: ilé ìwòsàn ìjọba, orúkọ ọmọ bó ṣe wà nínú ìwé ìbí, irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìgbà tó ti wọ ilé ìwòsàn àti ọjọ́ tó tún ní láti padà wá. "Ọmọ mi ń ṣàìsàn" nìkan kò tó, gbogbo ọlọ́pàá ló ní ọmọ. Kó béèrè ibì kan tí ilé ìwòsàn ńlá wà, kó má fi dandan lé Abẹ́òkúta. Èkó tàbí Ìbàdàn lè tètè ṣí. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ olóṣèlú? Nígbà míì ó máa ń ṣiṣẹ́, nígbà míì ọ̀gá tó gbà á máa ń bínú. Àwa kì í gbà á níyànjú.

Ṣé òótọ́ ni pé ọlọ́pàá tí wọ́n gbé lọ sí EFCC kì í ṣe ọlọ́pàá mọ́?

Irọ́ ni. Wọ́n yá a ni. Òfin iṣẹ́ ìjọba ya yíyá sọ́tọ̀ kúrò lára tíráńsífà: ìgbà díẹ̀ ni, ibi tó ti wá ṣì ni ín, ibẹ̀ ló sì máa padà sí. Láti 2003 tí wọ́n ti dá EFCC sílẹ̀, ọlọ́pàá ni àwọn alága rẹ̀, láti orí Nuhu Ribadu dé orí Ibrahim Magu. Abdulrasheed Bawa, ní 2021, ni alága àkọ́kọ́ tó ti inú àjọ náà fúnra rẹ̀ wá. Bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ló tọrọ yíyá náà fúnra rẹ̀, ọdún méjì ni òfin fún un. Lẹ́yìn náà kó padà sílé tàbí kó béèrè tíráńsífà gidi. Àwọn kan máa ń gbàgbé ọjọ́ yẹn, ilé ti mú orúkọ wọn kúrò lórí àkọsílẹ̀ kí wọ́n tó jí.

Ọdún kẹta mi rèé nínú Àmọ̀tẹ́kùn. Bí mo bá wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, ṣé wọ́n á ka ọdún mẹ́ta yẹn fún mi?

Rárá. Òfin ìpínlẹ̀ ló dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, ìjọba àpapọ̀ ló ni ọlọ́pàá, kò sì sí afárá láàárín wọn. Ẹ máa kún fọ́ọ̀mù bíi gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ọjọ́ orí yín náà á sì lé yín. Ohun tó lè ṣe yín láǹfààní ni ìwé ìwà rere láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá yín, kí ẹ gbà á kí ẹ tó kúrò.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, ìyàwó ọmọ Ìlọrin. Ìpínlẹ̀ wo ni kí n kọ sínú fọ́ọ̀mù Ìmígíréṣọ̀n?

Ògùn. Nínú ìlànà àjọ tó ń pín ipò káàkiri ìpínlẹ̀, obìnrin tó lọ́kọ ṣì jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ ìbílẹ̀ tirẹ̀, kì í ṣe ti ọkọ. Bí ẹ bá kọ Kwárà, ìwé ọmọ ìbílẹ̀ yín á ta ko orúkọ bàbá yín. Bí ẹ bá ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ, ẹ mú ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìròyìn tí ẹ fi kéde ìyípadà orúkọ dání.

Tíṣà ni mí ní ìlú yìí, mo fẹ́ ṣe tíráńsífà sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kí ni mo máa pàdánù?

Ọdún márùn-ún, ó ṣeé ṣe. Òfin 2022 gbé ìfẹ̀yìntì tíṣà lọ sí ọmọ ọdún 65 tàbí ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́, níbi tí ìjọba tó gbà wọ́n bá ti mú un lò. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ẹ ti padà sí 60 àti 35 nìyẹn. Ẹ ṣe ìṣirò tiyín lórí bébà kí ẹ tó kọ lẹ́tà.

Ọjọ́ ìbí tó wà nínú fáìlì mi yàtọ̀ sí ti NIN mi ní ọdún méjì. Èwo ni kí n yí padà?

Ti fáìlì kò ṣeé yí. Èyí tí ẹ kọ lọ́jọ́ tí ìjọba gbà yín síṣẹ́ ni òfin mọ̀ títí ẹ ó fi fẹ̀yìntì, ẹni tó bá sì fi ìwé ìbúra tuntun wá yí i, ẹjọ́ ló ń wá. Bí ti fáìlì bá jẹ́ òótọ́, NIN ni kí ẹ tún ṣe, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí láti NPC. Ẹ gba èyí tó ti yí padà sọ́wọ́ kí lẹ́tà tíráńsífà yín tó kúrò nílé, torí ibẹ̀ ni akọ̀wé máa kọ́kọ́ ṣí.